Ẹja Díndín Ni Mo Jẹ, Ìyàwó Ọmọ Mi Ni Wọ́n Dá Lẹ́bi

Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan sínú oúnjẹ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n má baà tún yí i padà. Kò sí májèlé, kò sí ọwọ́ ayé... ẹnu ara mi ló kó bá mi. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní, mo sì dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn ló lé ìyàwó ọmọ mi kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá oníṣòro dá sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi wo tèmi náà. Ó ti rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú lẹ́tà yìí, ẹ fojú fò ó, ọdún kejì nìyí tí mo mọ̀wé kọ.

Opó ni mí, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìlọrà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo lọ́kọ sí, gàrí ni mo sì ń ṣe títí ọkọ mi fi kú. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó ní Fìdítì, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìware. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ti ilé ìwé dé, tó sì fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú tán, á tún lọ máa kọ́ àwa àgbàlagbà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló di ọwọ́ mi mú lórí síléètì títí mo fi kọ orúkọ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí, láti orí ábídí, òun ló kọ́ mi. Ọwọ́ tó kọ́ mi níwèé yẹn náà ni wọ́n ní ó ń fi nǹkan sí ọbẹ̀ mi... mo sì jókòó, mi ò fọhùn.

Oúnjẹ rẹ̀ kò burú o. Ó ń se omi kí a tó mu ún, ó ń bo gbogbo ìkòkò, kì í jẹ́ kí epo pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi, ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kò dára fún àgbàlagbà. Kì í sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyá, ẹ jókòó. Ìyá, ẹ sinmi. Èmi tí mo ti ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko láti kékeré, kí ni mo fẹ́ fi ìsinmi ṣe? Bí ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ bá ti jáde láàárọ̀, tí wọ́n sì ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, ilé á dákẹ́ wọ̀ọ̀, á wá ku èmi àti ògiri. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí títì. Ọ̀rẹ́ mi kan, àwa méjèèjì la jọ ṣe ọmọge ní Ìlọrà, ó ń dín dùndú àti ẹja níbi tí àwọn mọ́tò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ti ń dúró. Oúnjẹ kíákíá ni. Dírẹ́bà ò ní pa ẹ́ńjìnì, èrò á nawọ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n á fi ewé dì í fún un, mọ́tò ti lọ. Mo kàn lọ kí i ni. Ó gbé àpótí fún mi kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó sì gbé ẹja gbígbóná lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ata. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn mọ́ mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn tó ti kú tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ọmọ mi kò mọ̀. A rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ... ó di ojoojúmọ́. Èyí tí n kò bá jẹ tán, màá fi ewé dì í wálé, màá jẹ ẹ́ lórí ẹní mi kí wọ́n tó dé. Mi ò sọ fún ìyàwó wa, nítorí ó ti sọ lójú mi rí pé oúnjẹ etí títì yẹn, eṣinṣin ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí èèyàn tó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe mí, ẹja méjì ni mo jẹ àti dùndú. Kí oòrùn tó wọ̀, inú ti ń lọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Mo bì, mo yàgbẹ́, mi ò lè dìde mọ́. Ìyàwó wa ló fọ̀ mí, òun ló pààrọ̀ ẹní mi, òun ló ń fi ṣíbí fún mi lẹ́kọ mímu. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ. Ó bi mí bí ẹni tó ń wá bí yóò ṣe ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo ní ohun tó gbé sílẹ̀ fún mi láàárọ̀ náà ni. Gbólóhùn kan péré... Ojú ló tì mí. Àgbàlagbà tó ń lọ jókòó jẹun létí títì bí èrò ọ̀nà, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń se oúnjẹ nílé! Kí ni aráyé máa sọ? Wọn ò ní sọ pé ebi ló ń pa mí nílé ọmọ mi?

Nígbà tí ara mi le tán, mo tún padà síbẹ̀. Ṣé ẹ máa bi mí pé kí ló dé? Èmi náà ń bi ara mi. Mo ń tan ara mi jẹ pé bóyá ibà ni, bóyá òtútù ni... Ó tún ṣe mí. Ó ṣe mí lẹ́ẹ̀kẹta. Àkọ́bí mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrà, gbọ́, ó sì wá. Ó fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ìyàwó àbúrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní obìnrin tó bá mọ̀wé ju ọkọ rẹ̀ lọ kì í gbọ́ràn. Ó bi mí lójú gbogbo wọn pé ta ló ń fún mi lóúnjẹ, mo ní ìyàwó wa ni. Ó ní ṣé mo jẹ nǹkan níbòmíràn? Mo mi orí pé rárá.

Ìyàwó wa gan-an ló ní kí a lọ sí dìsípẹ́ńsárì, ọmọ mi obìnrin sì tẹ̀ lé wa. Ọ̀gbẹ́ni tó ń fúnni lóògùn níbẹ̀ fi sùúrù dá mi jókòó. Ó ní bí inú bá ń run èèyàn lẹ́yìn oúnjẹ, ohun tó lè fà á pọ̀. Ó lè jẹ́ epo tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ títí tó fi dúdú, ó lè jẹ́ ẹja àná tí wọ́n tún dà padà sínú epo lónìí, ó lè jẹ́ eṣinṣin, tàbí ọwọ́ ẹni tó sè é, ó sì lè jẹ́ pé inú àgbàlagbà ni kò gba ọ̀rá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n rántí dáadáa, ṣé mo ra nǹkan jẹ níta? Ìyàwó wa dúró tì mí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí èjìká mi. Mo ní rárá. Ọ̀gbẹ́ni náà ní tó bá jẹ́ oúnjẹ ilé ni, ó yẹ kó ṣe gbogbo ẹni tó bá jẹ nínú ìkòkò náà. Ó fẹ́ fi ìyẹn là wá lóye ni o... ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọmọ mi obìnrin gbé délé. Ó ní ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ, Ìyá nìkan ló ń ṣe, a jẹ́ pé inú àwo Ìyá ni wọ́n ń fi nǹkan sí.

Kò sí ẹni tó pariwo. Ì bá sàn ká ní wọ́n pariwo. Ọmọ mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ti jẹun níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ìyàwó máa kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ mi wò lójú wa kó tó gbé e fún mi. Obìnrin tó ń kọ́ odidi kíláàsì, á kúnlẹ̀ níwájú mi, á bu òkèlè, á gbé e mì, á sì dúró kí a wo ojú òun. Mo ń wò ó, mo sì ń jẹ oúnjẹ náà. Àbí orúkọ wo lẹ fẹ́ kí n pe irú ìyá bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwé, tí àwọn ìyá kan ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ tíṣà, ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀, bàbá sì ti Ìware wá mú un. Kò bá wa jà. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà mi, ó ní kí Ọlọ́run fún mi ní ìlera. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Kí ìyàwó tó lọ, ó wọlé wá bá mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, láti ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti ń rí ewé ẹja lábẹ́ ẹní yín. Èmi ni mò ń kó o dànù. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín." Mo fa ẹní mi bo ibi tí ewé náà máa ń wà. Ó wá ní, "Ẹ má jẹ ẹja yẹn mọ́, Ìyá. Ara yín ò gbà á." Ó jáde lọ.

Kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀? Mo ti rò ó títí. Ṣé ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó ń purọ́ mọ́ arúgbó ni? Àbí ó bọ̀wọ̀ fún mi dé ibi tó fi gbà kí wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́?

Mi ò jẹ ẹja náà mọ́. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo kàn lọ wò ó ni. Mo rí i tí ọ̀rẹ́ mi da epo àná, tó dúdú bí ọ̀dà, padà sínú agbada. Mo rí ẹja lábẹ́ àkísà pẹ̀lú eṣinṣin, mo rí omi kan ṣoṣo tó ń fọwọ́ sí láti òwúrọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń jókòó níbẹ̀, ojú mi ò rí wọn. Òun náà ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe ẹnikẹ́ni, nítorí èrò mọ́tò ló ń jẹ ẹ́, kí inú tó run wọ́n, wọ́n ti dé Ọ̀yọ́. Mi ò lè dá epo náà lẹ́bi tán, mi ò lè dá ẹja lẹ́bi tán, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe ìyàwó wa.

Ara mi wá yá. Ibẹ̀ ló ti burú jù. Ọmọ mi obìnrin ń sọ káàkiri Ìlọrà pé ẹ ò rí i, láti ìgbà tí ìyẹn ti lọ, inú kò run Ìyá mọ́. Bí mo ṣe ń sanra ni ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ ń wúwo sí i. Ó ti bá àbúrò rẹ̀ rí ọmọbìnrin kan ní Ìlọrà, wọ́n ní lẹ́yìn ìkórè ni àwọn máa lọ tọrọ rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin kò sọ pé òun fẹ́, kò sọ pé òun kọ̀. Aṣọ ọmọ rẹ̀ kan wà tí wọ́n gbàgbé sórí okùn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a.

Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé kí n wọ mọ́tò lọ sí Ìware, kí n lọ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, kí àwọn ará ilé mi tó gbọ́? Ojú wo ni ọmọ mi obìnrin máa fi wo àwọn ará Ìlọrà? Bí wolé-wolé bá gbọ́, tó da epo ọ̀rẹ́ mi nù, kí ni òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa jẹ? Bí mo bá sì dákẹ́ títí n ó fi kú, ta ni yóò mọ̀?

Ọmọ mi ọkùnrin ló ń ra ìwé ìròyìn yín, ní ọ̀sán Sátidé ló sì máa ń kà á sókè fún mi. Ó mọ̀ pé mò ń kọ́ ìwé, kò mọ̀ pé mo ti lè kọ lẹ́tà. Mi ò fi orúkọ sí i, ṣùgbọ́n bó bá ka ìlà mẹ́ta, á mọ̀ pé ilé òun ni. Ṣé kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí n jókòó tì í, kí n máa wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń kà á? Àbí kí ẹ fi í pa mọ́ títí n ó fi lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́... bí ìyàwó tuntun bá wá wọlé kí n tó lè sọ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin tí wọ́n ti parọ́ mọ́ rí, kí ni kí n ṣe? Ẹ jẹ́ kí èsì yín kúrú, kí n lè kà á tán fúnra mi.