Bàbá Rẹ Ti Wọ Àtìmọ́lé Kọ̀ǹpútà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara àwa náà le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí òróró, àti bàbá rẹ tí wọ́n ṣì ń rẹ́ pákó lẹ́yìnkùlé bí ẹni pé ọmọ ogún ọdún ni wọ́n. Olúwa ò ní jẹ́ ká fi ẹkún kí ara wa.

Fọ́tò ọkùnrin tí o fẹ́ fẹ́ dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí o fún wa, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó sì ké tòò. Tíṣà tó ń gbé kejì ilé wa ló bá wa kà á, pé ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò nínú kọ̀ǹpútà ní ewu ni fọ́tò náà, òun sì ti tì í mọ́lé. Tíṣà ní kí a má fòyà, pé ẹ̀ṣọ́ náà máa ń ké lásán nígbà mìíràn. Bàbá rẹ ní kò sí ẹ̀ṣọ́ tó máa dédé ti èèyàn mọ́lé. Wọ́n ní, "Ọ̀daràn ò ní fẹ́ ọmọ mi lójú ayé mi." Mo sunkún nítorí tìẹ, mo wá fín oògùn aáyán sára kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kò tú u sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tíṣà bá wa gbé fọ́tò kan sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí bàbá rẹ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, kí a lè fi ránṣẹ́ sí ọ. Kọ̀ǹpútà tún ké, ó ti bàbá rẹ náà mọ́lé. Bàbá rẹ wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí. Mo ní ká ní ẹ̀rọ yìí ti dé láti ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn tí mo fẹ́ wọn ni, ǹ bá ti gbọ́ ìkìlọ̀. Wọ́n bá jáde lọ rẹ́ pákó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni, kí ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kí àwọn fojú ara àwọn wò ó. Inú mi dùn débi pé mo rán apá ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà mọ́ ibi ọrùn.

Ẹ̀ṣọ́ náà ti ní àsìkò òun ti pé, ká wá sanwó. Owó béèlì ni, ó yé mi. Jọ̀wọ́ tètè fi ránṣẹ́. Bí kò bá tó èèyàn méjì, ọkùnrin yẹn ni kí o gbà sílẹ̀. Bàbá rẹ lè ṣì wà níbẹ̀, èyí tó wà nílé tó mi í lò.

Ilé ọkọ á tù ọ́ lára, wàá pẹ́ níbẹ̀ bí mo ṣe pẹ́ níbí.

Èmi ni ìyá rẹ, aya ọ̀daràn.