Ẹmu Wo Ló Di Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Lára Ọmọ Mi?

Ilé Ládàánì,
Ìdí-Àràbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwó.

Habeebullah, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm o. O kú òtútù, o kú ìnáwó, o kú àìróorunsùn, o kú ìjókòó nídìí ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Yusrah ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jí dáadáa? Ọlọ́run Ọba tí kì í sùn ni yóò máa bá wa ṣọ́ yín ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún, kò ní jẹ́ kí bọ́ọ̀sì alájà méjì tí ò ń wà dojú dé, kò sì ní jẹ́ kí òtútù ilẹ̀ àwọn òyìnbó wọ inú eegun yín. Bí o bá ń béèrè wa nílé, a wà, a ń jẹ, a ń mu, a sì ń sanra, bí wọn kò bá tíì sọ ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi kò gba ọ̀rọ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun ti kún. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí oúnjẹ gbà wọ inú rẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n títí, nǹkan kan ò dà jáde. Mo wá fi ebi pa á, mi ò fi iná sí i fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún tàn án, ó ní òun ṣì kún síbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n jọ̀wọ́ kí n gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tó yẹ ara rẹ wò lọ́hùn-ún, pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà mo fi ìwé yìí rán Àsúmáù tó wá kí ìyá rẹ̀ nílé, tó sì ń padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ráì Léènì ládùúgbò yín, kí ó fi lé ọ lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtìjú tí o kó bá mi. A ti kí ìrun Alásárì tán, àwa àgbà jókòó níwájú mọ́sálásí, ohùn rẹ wọlé sínú fóònù, mo sì tẹ̀ ẹ́ kó ké sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́ bí ọmọ Ládàánì ṣe ń sọ̀rọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. O kí wa dáadáa, o ṣe àdúà, orí wa ń wú, àfi bí o ṣe ní wọ́n ti yẹ ara rẹ wò, pé bí-ẹmu-áì rẹ ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì ní ó ti pọ̀ jù. Ẹmu! Ọmọ ẹni tó ń pe ìrun! Alhaji Mákánjúọlá tó jókòó tì mí sún sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni pé òórùn rẹ̀ ti inú fóònù jáde. Ó bi mí léèrè bóyá igbá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àbí akèrègbè, àti bóyá ọjọ́ kan ṣoṣo ni o mu gbogbo rẹ̀. Mo ní ọmọ mi ò fẹnu kan ọtí rí, pé kò tilẹ̀ sí igi ọ̀pẹ ní Pẹ́kàmù. Ó ní òun gbọ́ pé inú ìgò ni wọ́n ti ń tà á lọ́hùn-ún. Èmi tí mo máa ń pe èèyàn wá síbi ìrun, lọ́jọ́ náà wọ́n ń pe èmi gan-an sí ìrònúpìwàdà.

Ìgbà tí Yusrah pe ìyá rẹ ni a tó mọ̀ pé kò sí ẹmu nínú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà òyìnbó mẹ́ta ni wọ́n tò pọ̀, tí wọ́n fi ń ṣírò ara ọmọ ènìyàn. Yusrah ní wọ́n gbé ọ gun òṣùwọ̀n, wọ́n fi gíga rẹ pín ìwúwo rẹ, wọ́n sì tún fi gíga kan náà pín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kí ló dé? Mo ti bá wọn jókòó pín ogún púpọ̀ nílùú yìí, mi ò tíì rí ibi tí ẹnì kan ti gba ìpín lẹ́ẹ̀mejì tí ìjà ò ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n ń wò, bó bá ti wọ ọgbọ̀n, wọ́n ní èèyàn ti sanra kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ kú làálàá o. Nílé níbí, ojú lásán la fi ń rí ẹni tó sanra, a ò sì gba ìṣirò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wá béèrè pé bí wọ́n bá gbé Olúbáyọ̀ alágẹdú gun òṣùwọ̀n náà ńkọ́, Olúbáyọ̀ tó ń gbé ìtì igi láti àárọ̀, tí apá rẹ̀ ki tó itan màlúù. Yusrah ní ìṣirò náà lè pe òun náà ní asanrajù, nítorí kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Mo ní ó mà ṣeun o, ìṣirò tí kò mọ Olúbáyọ̀ ni yóò wá mọ ọmọ mi. Ó ní nọ́ọ̀sì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fa téèpù yọ, tó fi yí ọ ká níbi ìdodo. Habeebullah! Obìnrin olóbìnrin ń fi okùn yí ọmọ mi ká, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó ń wò wọ́n! Mo fi ara mọ́ ọn nítorí mo rò pé ó kéré tán yóò rán ṣòkòtò fún ọ. Wọ́n ní rárá. Ó wọ̀n ọ́ tán, kò béèrè irú aṣọ tí o fẹ́, kò dá ọjọ́ tí o máa wá gbà á, ó kàn ní ikùn rẹ kò gbọdọ̀ ní ìwọ̀n tó ju ìdajì gíga rẹ lọ. Irú télọ̀ wo nìyẹn? Oníbàárà ni wọ́n ń ní kó lọ tún ara rẹ̀ gé, aṣọ ò sì sí nílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ara rẹ le. Wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, kò ga. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọn ò bá ìtọ̀ ṣúgà níbẹ̀. Wọ́n fetí sí àyà rẹ, ó ń lù bó ṣe yẹ. Gbogbo ibi tí wọ́n ti wá àìsàn dé, wọn ò bá a nílé, ni wọ́n bá mú okùn, wọ́n ní ó lè máa bọ̀ lọ́nà. Nítorí pé o ti pé ogójì ọdún ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè ọ́. Níbí, ẹni tó bá pé ogójì ọdún, ìjókòó là ń gbé fún un, wọ́n ń gbé òṣùwọ̀n fún un lọ́dọ̀ tiyín. Wọ́n ti ń nu omi tí kò tíì dà sílẹ̀.

Ìwọ náà sì gbà wọ́n gbọ́. Mo gbọ́ pé o ti fi ẹ̀bà alẹ́ sílẹ̀, pé ewé lò ń jẹ, ewé tútù tí iná ò kàn, bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà tí kò tíì dé. Mo gbọ́ pé bí o bá gbé bọ́ọ̀sì fún ẹlòmíràn ní New Cross, ẹsẹ̀ lo fi ń rìn wálé, àwọn bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ á máa kọjá lára rẹ. Awakọ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn! Lọ́jọ́ Sátidé, Yusrah ní o máa ń sáré yípo pápá Pẹ́kàmù Ráì, mo bi í pé ta ló ń lé ọ, ó ní kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín, mo rí irú àwọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń sáré kọjá ní Old Kent Road, níwájú àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, mo rò pé wọ́n ti pẹ́ dé ìsìn ni, mo tilẹ̀ bá wọn káàánú. Mi ò mọ̀ pé irú rẹ̀ ń bọ̀ nínú ilé tèmi.

Gbọ́ mi dáadáa o. Iléyá ń bọ̀, ìwọ náà ń bọ̀ wálé, wọ́n sì fẹ́ wé láwàní fún ọ ní mọ́sálásí. Mo ti sọ fún gbogbo ìlú pé ọmọ mi ti di ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ni wọn yóò fi mọ̀? Ṣé ìwé owó oṣù rẹ ni n óò máa gbé kiri ilé ni? Ọrùn rẹ ni wọn yóò wò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ni wọn yóò wò, wọn yóò wo bí agbádá ṣe jókòó lórí ikùn rẹ. Bánjí ọmọ Olúbáyọ̀ tó ń gbé ní Kẹ́níńtìn lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ wálé lọ́dún tó kọjá, ó gbẹ háú, ó ní òun ń ṣe eré ìdárayá. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ń ṣe àdúà ìwòsàn fún un títí ó fi wọ ọkọ̀ òfurufú padà, ìyá rẹ̀ ò sì lè gba àárín ọjà kọjá kí wọ́n má bá a dárò. Ìdí nìyí tí mo fi gbé kálàmù. Mo pa á láṣẹ fún ọ, èmi bàbá rẹ, kí o padà sídìí ẹ̀bà rẹ kí Iléyá tó dé.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn lánàá tí Hàlímọ̀tù ìyá rẹ fi wọlé pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Yusrah ti kọ́ ìyá rẹ ní ọgbọ́n kan lórí fóònù, pé kí a fi okùn wọn ènìyàn láti àtàrí dé gìgísẹ̀, kí a ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, kí a fi yí ìdodo ká. Bí etí méjèèjì bá kanra, kò séwu. Bí wọn ò bá kan, kí onítọ̀hún wá nǹkan ṣe sí ikùn rẹ̀. Ìyá rẹ ti wọn ara rẹ̀, okùn yí i ká, ó tún ṣẹ́ kù tó fi so kókó. Láti ìgbà náà ló ti ń yan kiri nínú ilé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Ó ní ó ti kàn mí.

Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè dúró gbọnrangandan, mo sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní pálọ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń fi nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá rẹ fi etí okùn kan sórí àtàrí mi, ó ń fà á lọ sísàlẹ̀, nígbà tó dé gìgísẹ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró. O mọ̀ pé nílùú wa, Ládàánì ló ń wọn òkú kí wọ́n tó gbẹ́ sàréè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń wọ̀n wọ́n, lórí ẹní, láti orí dé ẹsẹ̀, tí èmi á di etí kan mú, tí ẹnì kan nínú ẹbí á di ìkejì. Mi ò tíì dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí rí.

Sherifdeen ọmọ Mákánjúọlá ló sọ sí mi lọ́kàn níbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ ní ilé kéwú. Ara rẹ̀ le. Ikùn rẹ̀ tóbi, gbogbo wa là ń yìn ín fún un, a ní ara ọlà nìyí. Ó jẹun alẹ́, ó sùn, kò jí. Mi ò sọ pé ikùn ló pa á o, Ọlọ́run ló mọ ohun tó pa á, nọ́ọ̀sì gan-an sọ fún Yusrah pé àmì lásán ni ìwọ̀n jẹ́, pé òun kọ́ ni àrùn. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé Mákánjúọlá fúnra rẹ̀ ló di okùn mú ní ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kọ̀ kí ẹlòmíràn bá òun dì í. Ó fà á kọjá gìgísẹ̀ ọmọ náà, mo sì ní láti tún un wọ̀n. Habeebullah, ẹ̀rù bà mí lórí ẹní yẹn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n di okùn mú ní ẹsẹ̀ rẹ láéláé.

Okùn náà ò sì yí mi ká. Ìyá rẹ fẹ́ fi agbára fà á kó lè kan, mo ní kó fi sílẹ̀.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo kọ sókè nípa ẹ̀bà, fagi lé e. Mi ò ní ya ìwé náà torí pé bébà wọ́n, ìbínú mi náà sì dùn-ún kà. Máa jẹ ewé rẹ. Máa fẹsẹ̀ rìn. Máa sáré bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń lé ọ. Má kàn febi pa ara rẹ, kò sẹ́ni tó ní kí o gbẹ bí Bánjí, wọ́n ní kí o dín in kù ni. Bí o bá wálé tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣe ọmọ mi, ẹnu mi ò di. Mo ti ní kí ìyá rẹ dín òkèlè tèmi náà kù, ó sì yára gbà ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ní ti owó, bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, Àsúmáù yóò rò pé ìwé náà ò pé. Má fi í sí bánkì mi o. Wọ́n ní kí n wo inú fóònù kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà láàyè, fóònù sì ní kí n ṣẹ́jú. Mo ní ta ni n óò ṣẹ́jú sí ní ọjọ́ orí mi yìí? Ìyá rẹ ti ṣẹ́jú sí wọn ní tirẹ̀, bánkì rẹ̀ ni kí o fi í sí.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlàáfíà. Ìwọ ni yóò sin mí, ìwọ ni yóò sin ìyá rẹ, àwọn ọmọ rẹ ni yóò sì sin ọ́ lọ́jọ́ ogbó. Àmín.

Owó àgbò Iléyá ni mò ń tọrọ. Jẹ́ kí ó ká àgbò ńlá, èyí tó sanra tí kò lè dìde kíákíá. Òun nìkan ni mo fẹ́ kí ó sanra nílé wa lọ́dún yìí, nítorí òun nìkan la fẹ́ pa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làtíìfù, Ládàánì Ìdí-Àràbà.