Ẹsẹ Kẹta Orin Àwẹ̀ró

Bàbá mi, aránṣọ tí àdúgbò Bẹ́yẹ̀rúńkà ò ní irú rẹ̀ mọ́,

N ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti kú, nítorí náà mo kúnlẹ̀ kí n tó jókòó ti ìwé yìí. Orúnkún ń dùn mí, ẹ má bínú pé n ò pẹ́ nílẹ̀. Màmá wà láàyè. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. N ò ní í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: mo ti ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Mo dáná sun àwọn orin yín, Bàbá. Gbogbo ẹ̀ pátá.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Ẹ rántí Ọ̀gá, olórin tí gbogbo ìgboro ń sá tẹ̀lé nígbà tí orin sóòlù àti fọ́ǹkì gbòde. Ẹ̀yin lẹ ń rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ fún òun àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de aṣọ ni wọ́n ti gbọ́ tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ máṣíìnì kọrin. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, láìsí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, ẹ ó sáré tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ọmọdé ni mí, mo rò pé bí gbogbo aránṣọ ṣe ń ránṣọ nìyẹn. Mo rí àwọn onígìtá yẹn tí wọ́n ń mi orí lórí bẹ́ǹṣì, mo ṣebí ṣòkòtò wọn ló wù wọ́n.

Ẹ̀yin lẹ ṣe orin yẹn, orúkọ Ọ̀gá ló wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù. Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀? Ṣé torí pé ẹ jẹ́ ladáànì ni, tí ẹ̀ ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ohùn kan náà ló ń kọrin ìfẹ́ fún àwọn oníjó? Ó yé mi. Àmọ́ ti orin Àwẹ̀ró yẹn ò yé mi títí dòní. Oríkì Màmá lẹ kọ sí i. Ọ̀gá yọ Àwẹ̀ró kúrò, ó fi Àbẹ̀ní ìyàwó tirẹ̀ sí i. Ohùn orúkọ méjèèjì dọ́gba, kò sẹ́ni tó fura. Wọ́n ní ẹ kàn rẹ́rìn-ín ni, ẹ sì padà sídìí aṣọ tí ẹ̀ ń gé. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín, Màmá ńkọ́? Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi ń sọ fún àwọn obìnrin àdúgbò Bẹ́ẹ̀rẹ̀ pé òun ni wọ́n kọ orin yẹn fún. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dójú ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní Ìyá Àbẹ̀ní, wọ́n á pè é tán, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà míì, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ẹ ti rí i pé orí mi gbóná. Ẹ̀yin náà sì jẹ̀bi níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ta ló ní kí ẹ kọ́ àpò ìwé orin sí ìṣó kan náà pẹ̀lú Al-Kùránì? Tí àsùbáà bá ti parí, ẹ ó ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n á sì kìlọ̀ fún wa pé ká má pariwo, ẹ wà nídìí kéwú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò yẹn láìṣe àlùwàlá. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ wa. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, òun ló sì bà mí jẹ́.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ yín, òjò já páànù yàrá yín, omi wọnú àpò. Màmá wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Kúdẹtì nígbà náà, ara rẹ̀ ò yá. Mo sọ àpò náà kalẹ̀, mo yọjú wo inú ẹ̀, mo rí ìwé mẹ́rin tó ti ń jẹrà, lẹ́tà kéwú ló kún ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé kí n wá da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sórí ààtàn ni? Ṣé kí alákàrà wá fi pọ́n àkàrà? Mo ṣe àlùwàlá, mo borí, mo ṣe bísímílà, mo sun ún nínú agbada tuntun. Mo kó eérú rẹ̀, mo sin ín sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí níbi tí ẹsẹ̀ ò ní í tẹ̀ ẹ́. Inú mi tilẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní mo ṣe ẹ̀tọ́ bàbá mi.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ kéwú kà! Ẹ̀yin lẹ fi mí sílé kéwú, ẹ̀yin lẹ rán hìjáàbù funfun tí mo fi ṣe wòlímọ̀. Ká ní mo ṣí ojú ewé kan péré, kí n fi ìka tọ́ lẹ́tà náà, kí n pè é síta, ǹ bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ara mi. Ǹ bá gbọ́ Àwẹ̀ró. N ò ṣí i. Mo bọ̀wọ̀ fún un jù láti kà á. Háà, Bàbá, irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?

Oṣù tó kọjá ni mo tó mọ̀. Ọkùnrin kan wá láti Èkó, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kiri, kí wọ́n tún un tẹ̀ jáde. Ó ti dé Yemẹtu, ó ti rí onígìtá kan ṣoṣo tó kù nínú ẹgbẹ́ Ọ̀gá. Bàbá arúgbó yẹn ló jẹ́wọ́ fún un pé aránṣọ Bẹ́yẹ̀rúńkà ló ṣe àwọn orin náà, lẹ́tà kéwú ló sì fi ń kọ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ọ̀gá ní irọ́ ni. Bí ọkùnrin náà bá lè rí ewé kan lára ìwé yín, orúkọ yín á wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun. Ewé kan, Bàbá!

Ẹ̀ bá rí Màmá lọ́jọ́ náà. Ó dìde láìdi nǹkan mú. Ó fa ọwọ́ ọkùnrin náà, ó ní, “Mo ti ń wí fún wọn! Jókòó, ọmọ mi.” Ó wá kọjú sí mi, ó ní, “Lọ bá mi gbé àpò bàbá ẹ wá.” Kò ríran dé ibi ìṣó mọ́, kò mọ̀ pé ìṣó nìkan ló kù níbẹ̀. Mo purọ́. Mo ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ti sọnù, kí àlejò padà wá lọ́sẹ̀ mìíràn. Ó padà wá, mo tún parọ́ mìíràn. Màmá sì ń sọ fún gbogbo agboolé pé kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n wá fi etí wọn gbọ́.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ń retí kó gbá mi létí, ì bá tù mí lára. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa itan ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n mú bírò, pé òun á kọ ọ́ lórin, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há, àmọ́ ó kọ ọ́, ó sì dá oríkì ara rẹ̀ padà sáyè ẹ̀:

Àwẹ̀ró, bó o bá ń gun Òkè Mápó,
Má bojú wẹ̀yìn, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Ó kọ ẹsẹ kejì. Ó wá bọ́ sí ẹ̀kẹta, èyí tí Ọ̀gá ò kọ rí, tí ẹ máa ń kọ fún òun nìkan:

Bí mo bá sì ṣáájú rẹ dókè, Àwẹ̀ró…

Kò rántí èyí tó kù. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń bi mí bíi pé èmi ló yẹ kí n mọ̀ ọ́n. A wà lórí ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun màgíríbì. Láàárọ̀ yìí, kó tó fọ ẹnu, mo gbọ́ ọ tó tún ń kọ ọ́, ibẹ̀ náà ló tún dé.

Bàbá, ẹ ti ṣáájú rẹ̀ dókè o. Kí lẹ ní kó ṣe?

Èmi ọmọ yín,
tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe ka ìwé yín lọ.