Dúdú Inú Bátìrì

Mùfútáù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí n kò tíì fojú rí. Ikọ́ tó ń ṣe bàbá yín ti rọlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ wa ta ní ọjà Alájùẹ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ àti mílíìkì wọ́n bí ojú láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an rèé. Nígbà tí o ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, n kò rí aró irun rà. Mo bá fọ́ bátìrì rédíò tó ti kú, mo po nǹkan dúdú inú rẹ̀ mọ́ omi, mo fi kun irun. Àtìgbà náà ni awọ orí mi ti ń bó. Àbúrò rẹ Sìkírátù ní iṣẹ́ yín ní Lọ́ńdọ̀n ni kí ẹ máa yẹ ara rédíò wò, kí ẹ mọ èyí tó ní májèlé, ẹ kì í sì í fọwọ́ lásán kàn án. Jọ̀wọ́, májèlé wo ló wà nínú bátìrì? Kí ni kí n fi tọ́jú orí?

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí májèlé ibi iṣẹ́ yẹn ràn ọ́.

Fọ́tò náà wà nínú lẹ́tà yìí. Torí kí o lè rí mi bí o ṣe fi mí sílẹ̀ ni mo ṣe kun irun. Mo ti fọ̀ ọ́ kúrò. Orí mi ti funfun, Mùfútáù. Tètè wá wò ó.

Ìyá rẹ,
Rábíátù, Ẹdẹ.