Ẹni Tí Mo Sin ní Orúkọ Yín

Bàbá mi, Alókùn mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé ẹ wà níbi tí mo ti ń kí yín, lẹ́bàá sàréè yìí, ẹ óò gbọ́. Tí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ dárí jì mí, torí mi ò mọ ibòmíì tí mo lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí.

Ẹ mọ̀ mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ falẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí sàréè yín. Èmi ni mo buwọ́ lùwé.

Ṣé ẹ rántí Dókítà Lásísì Àkànní, olórúkọ yín, tó ní ọsibítù kékeré ní Ugbolokposo? Nínú gbogbo Yorùbá tó wà ní Warri, ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ jẹ́ orúkọ yẹn, mọ́sáláṣí kan náà lẹ sì ti ń kírun. Aláìsàn á wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Igbudu, á jókòó sórí okùn, á máa ṣàlàyé inú rírun fún yín. Ẹ ò ní lé e. Ẹ óò gbọ́ ọ tán kí ẹ tó júwe ọ̀nà fún un. Àwọn apẹja náà á gba ọsibítù lọ béèrè okùn àwọ̀n. Tí ẹ bá pàdé lọ́jọ́ Jímọ̀, dókítà á ní, "Olórúkọ mi, ẹni méjì tún wá ra okùn lọ́wọ́ mi lánàá." Ẹ̀yin náà á ní, "Èmi náà ti wo jẹ̀díjẹ̀dí ẹnì kan sàn fún ẹ."

Okùn yín yẹn. Ẹ rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò, mo padà wálé wá bá bàbá tó ń ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lójú títì. Ojú tì mí. Ẹ óò fọ̀ ọ́, ẹ óò yọ́ ọ, ẹ óò fà á gba ojú ihò irin já sínú omi tútù títí tó fi máa di fọ́nrán bí irun. Ẹ óò wá fi eyín tẹ̀ ẹ́, ẹ óò dijú. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ óò tún un yọ́. Mo máa ń ní ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Fọ́nrán pupa kan ṣoṣo, láti ara abọ́ ike tó fọ́, lẹ máa ń fi sáàárín kí wọ́n lè dá iṣẹ́ yín mọ̀. Dókítà gba díẹ̀ lára èyí tó funfun lọ́wọ́ yín. Ó ní tí òun bá sè é dáadáa, ó lè rán ara èèyàn.

Lọ́jọ́ tí ìbọn dún létí odò, ọkọ̀ ojú omi kan náà lẹ jọ wọ̀ lọ sí Ubeji. Ẹ̀yin ru okùn, òun gbé báàgì òògùn torí àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì ò padà. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbé òkú kan jáde látinú omi. Kò sí ojú mọ́. Káàdì mọ́sáláṣí wà nínú ọ̀rá lápò rẹ̀: Lásísì Àkànní. Káàdì yẹn ò kọ iṣẹ́, orúkọ nìkan ló kọ.

Ìyàwó dókítà ti kó àwọn ọmọ sá lọ sí Ọ̀fà. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Àáfà ní, "Ọmọ mi, ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Àáfà, ẹ jẹ́ ká ṣe é kílẹ̀ tó ṣú." Òkú náà ò ṣeé fomi wẹ̀, tàyámọ́mù ni wọ́n ṣe fún un, wọn ò sì tú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Kí wọ́n tó kí Alásárì, mo ti parí gbogbo ètò: ọkọ̀, ibojì, aṣọ funfun. Wọ́n yìn mí pé mo ṣe bí ọkùnrin.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Lóṣù tó lọ, apẹja kan láti Ubeji wá ra okùn lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ká ṣòkòtò sókè láti họ ojúgun rẹ̀. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n rán, ó gún régé bí iṣẹ́ dókítà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Fọ́nrán pupa kan wà láàárín rẹ̀.

Mo ní, "Who sew you?"

"Na Doctor Akanni. Na im dey sew everybody for creek."

"Which kind man?"

"Madam, e tie cloth for nose. E no dey talk. If e wan sew, e go put the thread for mouth, bite am, close eye."

Mo jókòó sórí okùn. Ta ló ń fi eyín tẹ fọ́nrán, tó ń dijú, bí kò ṣe ẹ̀yin? Ta ló mọ̀ ọ́n rán ara èèyàn, bí kò ṣe òun?

Lọ́jọ́ kejì, mo háyà ọkọ̀ ojú omi. Ibi mẹ́ta ni mo dé. Wọ́n fi ojú ọgbẹ́ hàn mí, fọ́nrán pupa wà lára gbogbo wọn. Gbogbo wọn ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Níbi tó gbẹ̀yìn, omi tó fi fọwọ́ ṣì ń gbóná nínú abọ́.

Bàbá, ta ni mo sin? Ṣé ẹ wà láàyè tí ẹ ò sì wálé? Àbí torí pé mo ti sin yín ni ẹ ò fi lè wálé?

Mo pe ìyàwó dókítà, ó sì wá láti Ọ̀fà. Ó ní irin wà nínú egungun itan ọkọ òun, látìgbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú. Tí irin bá wà nínú sàréè, dókítà ni. Tí kò bá sí, ẹ̀yin ni. Àáfà ní ká fi òkú sílẹ̀ kó sinmi. Mo ní, òkú wo?

Lánàá, èmi àti obìnrin náà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í pé èwo ló fẹ́. Ó dá mi lóhùn pé:

"Àbúrò mi, mo fẹ́ kí irin yẹn wà níbẹ̀. Mi ò ṣopó, mi ò ṣaya. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní àmín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe àmín sí: pé kí ọkọ ẹlòmíì ti kú, kí bàbá mi lè wà láàyè.

Tí irin bá wà níbẹ̀, màá padà sínú odò yẹn. Màá jókòó síbi tí ẹ ti ń rán èèyàn, màá dúró dè yín, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí irin, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mo sin lóòótọ́, ẹ ṣàánú mi, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí ẹni yẹn tú aṣọ imú rẹ̀ níwájú mi, kí n má baà rí ojú yín, ojú àkúdàáyà.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, yálà ẹ wà lórí ilẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀.