Yàrá Tí Àwọn Ẹyẹ Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 1986

Dókítà ti sọ ọ́: kí n lọ jókòó sílé. Kò sí ọ́fíìsì, kò sí Dùgbẹ̀, kò sí omi pípọn, títí ọmọ á fi dé. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi, èyí ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá ní kí n jókòó, mo ti jókòó. Àmọ́ ọjọ́ kan péré, ó ti sú mi!

Ọkọ mi — Ọlọ́dà ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, òun ò mọ̀ — ti kó ẹrù kúrò nínú yàrá kékeré. Ó ní òun máa ya odò àti igbó sára ògiri fún ọmọ. A sọ fáwọn ará ilé pé a kàn fẹ́ kun yàrá ẹrù ni. Mi ò tíì fẹ́ gbọ́ ẹ kú ìrètí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 5

Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ọkùnrin tí kì í rí ìbọ̀sẹ̀ ara ẹ̀ láàárọ̀! Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ring Road, pátákó àwọn onígbàjámọ̀ ló ń yàwòrán sí, orí lónìí, orí lọ́la. Mo ti rò pé kò mọ̀ ju orí lọ. Irọ́ gbáà ni. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti igun dé igun, ó ní omi nìyẹn. Mo ní omi wo? Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi ti wà níbẹ̀, omi Ẹlẹ́yẹlé gan-an, pẹ̀lú oṣíbàtà lórí ẹ̀. Mo ń fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Lékèélékèé! Ọ̀wọ́ wọn, lára ògiri mi. Ẹja kan fò sókè nínú omi. Alángbá olórí pupa wà nídìí ọ̀pẹ. Ọlọ́dà fi ọ̀dà funfun bín-ín-tín sínú ojú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo wọn bá ń wò mí. Ọmọ ta nípàá nínú mi. Mo sunkún. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní òórùn ọ̀dà ló ń ta mí lójú. Mi ò lè máa yìn ín lójú ara ẹ̀, orí ẹ̀ á wú jù.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Nǹkan ti bàjẹ́.

Alhájà Zùwáírátù, ìyá Ọlọ́dà, wá kí mi. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n fọwọ́ pa ikùn mi, wọ́n ṣàdúrà. Inú gbogbo wa dùn. Ọlọ́dà bá ní kí wọ́n wá wo nǹkan.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Àsítàgífúrúláì! Wọ́n ní ṣé kò mọ̀ pé mọ̀láíkà kì í wọ ibi tí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí bá wà ni? Lọ́jọ́ ìdájọ́, bí Ọlọ́run bá ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí àwọn ẹyẹ yìí, ibo ló ti máa rí i? Ọlọ́dà ní ẹyẹ lásán ni. Ìyẹn gan-an ni kò yẹ kó sọ. Wọ́n ní: “Mi ò ní wẹ ọmọ lójú àwọn wọ̀nyí, Sùlàímọ́nù. Mi ò ní wẹ̀ ẹ́.” Wọn ò mu omi wa kí wọ́n tó lọ.

Ìyá tèmi ti kú. Alhájà ló tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ní ọsibítù, nígbà méjèèjì tí oyún bàjẹ́. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan, wọ́n kàn ń fọ aṣọ mi. Bí wọn ò bá wá, ta ló máa wẹ ọmọ mi? Mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di orí ọmọ tuntun mú. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ọlọ́dà ò jẹun. Èmi jẹ, nítorí ọmọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ọlọ́dà kọ́kọ́ pa ojú àwọn ẹyẹ rẹ́, ojú nìkan. Háà! Lékèélékèé afọ́jú lára ògiri! Mo pariwo. Ó bá mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá, ó pa gbogbo wọn rẹ́, ẹyẹ, ẹja, alángbá, ó dà bíi pé wọn ò sí rí. Mo bú u. Mo ní ọ̀dẹ̀ ni, mo ní kò lè dúró ti iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi ni.” Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ó ní kí n wá wò ó. Mi ò fẹ́ lọ. Mo lọ.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́? Kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹyẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀ka igi kan ṣì tẹ̀, ẹyẹ tó bà lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ fò ni. Ìyẹ́ funfun kan léfòó lórí omi. Ibi tí ẹja ti fò, òrùka omi ló kù, ó ń fẹ̀ lọ sétí odò. Ìtẹ́ wà lórí ọ̀pẹ, koríko inú ẹ̀ ti tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣì móoru. Ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ wà lórí ẹrẹ̀, ó lọ, ó lọ, ó parí síbì kan. Ibẹ̀ ló ti fò.

Ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dáa jù ú lọ fíìfíì! Níbo ni ọkùnrin yìí ti rí ọgbọ́n yẹn? Lọ́tẹ̀ yìí mo yìn ín lójú ẹ̀, orí tó bá fẹ́ wú kó wú. Mo ní kó má bínú sí èébú mi. Ó ní, èébú wo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ó lọ bá Alhájà nílé wọn, ó ní òun ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n á wá. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ dé ná. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?

Ọjọ́rú, 19

Inú ń run mí láti àárọ̀. Ọlọ́dà ti sáré lọ wá takisí. Ọlọ́run, ẹ̀ẹ̀kan yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Obìnrin ni! Ó wà láàyè, ó ń ké, ó ní irun yẹ́úkẹ́. Ọsibítù ti dá wa sílẹ̀, a ti délé ní Ṣálẹ́ńjì. Ọlọ́dà ti ránṣẹ́ sí Alhájà. Títí di ìsinsìnyí, a ò tíì rí wọn. Mo fi aṣọ tútù nu ọmọ lára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Wọ́n dé kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Wọ́n gbé àpò aṣọ, ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn tuntun, òrí. Wọ́n kí mi kú ewu, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì wọ yàrá kékeré lọ tààrà. Èmi àti Ọlọ́dà tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n wo ògiri. Ó pẹ́. Wọ́n fìka kan òrùka omi, wọ́n ní ẹja ló wọlé síbí. Ọlọ́dà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ yẹn dé ibi tó parí sí, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n wá ní ká gbé omi gbígbóná wá.

Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ mi sórí ẹ̀. Ẹ wá wo ọwọ́! Wọ́n fi kànrìnkàn kù ú, wọ́n na apá, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n dì í mú lápá méjèèjì, wọ́n jù ú sókè díẹ̀. Ọmọ figbe ta, aya mi já. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe wẹ bàbá ẹ̀. Wọ́n fi òrí pa á, ó sùn lọ fọnfọn lórí itan wọn.

Wọ́n tún ń wo ògiri. Wọ́n ní ọmọ yìí máa wo omi títí, kò ní rí ẹnì kan. Wọ́n ní kí Ọlọ́dà ya lékèélékèé kan padà. Ẹyọ kan. Ẹ̀rín pa mí débi pé ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn mí. Ọlọ́dà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, Alhájà, ojú ẹ̀ wá ńkọ́?

“Kó kẹ̀yìn sí wa.”