Aláìlójú Inú Ìwé Mojọlá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025
Mojọlá pè mí láti Èkó. Ìwé rẹ̀ ti jáde! Ìtàn àròsọ fún àwọn ọ̀dọ́ – iwin, ìlú inú àpáta, gbogbo rẹ̀. Ìlú Aládé níbí ló ti fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ló fẹ́ kí n dúró síwájú èrò, kí n sọ ibi tí ìwé náà ti dára àti ibi tó kù sí. Ó ní, "Má wulẹ̀ yìn mí o. Tíṣà ni ẹ́, sọ òótọ́." Inú mi dùn ṣìnkìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ojú ìwé ọgọ́ta. Ó dùn! Àwọn ará inú àpáta kì í kánjú sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan lè gbà wọ́n lọ́sẹ̀ kan. Iwin kan ń ka àtẹ̀gùn òkè, ó ń ṣì í kà, ó ń padà sísàlẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo rẹ́rìn-ín títí Mátírọ̀n fi yọjú. (Ìyá mi ni. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn, ilé wa ló wá di wọ́ọ̀dù.)
Àléébù – ọba pọ̀ jù. Orí kẹta dé ìkarùn-ún ń wọ́ bí ìgbín. Ìfẹ́ inú orí keje, n kò mọ ibi tó gbà wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 6
Orí kẹsàn-án.
Ọmọbìnrin kan ń ṣọ́ hóró oòrùn tí wọ́n sá sórí àpáta. Òjò pa hóró náà, ó bu. Ẹnìkan parọ́ mọ́ ọmọ yìí pé òun ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n lé òun àti bàbá rẹ̀ jáde nílùú. Òpùrọ́ náà kò lórúkọ, kò lójú. Aláìlójú ni wọ́n ń pè é.
Hóró oòrùn kọ́. Kòkó wa ni. Èmi ni Aláìlójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo tún orí kẹsàn-án kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Ó pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti gbé e mì.
Bàbá Mojọlá, Bàbá Àjàgbé, wá láti Ìkirè. Oko kòkó bàbá mi ni wọ́n ń bá wa ṣe, a ń pín ohun tó bá jáde. Orí àpáta pẹrẹsẹ ẹ̀yìn ilé la máa ń sá kòkó sí. Mojọlá ń ṣọ́ ọ láàárọ̀, èmi lọ́sàn-án. Iṣẹ́ náà kò le: lé ewúrẹ́, bí òjò bá ṣú, fi ọ̀rá bò ó.
Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo lọ ṣeré. Mo rí òjò tó ṣú lọ́nà Owena, mo ní ibẹ̀ náà ni yóò ti parí. Òjò tó bá gba ẹ̀yìn òkè wá kì í kan ilẹ̀kùn. Kí n tó sáré dé, kòkó ti rẹ gbindin. Ọjọ́ kẹta, ó ti bu.
Bàbá mi bèèrè ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Pàṣán wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní Mojọlá ni, ó ní ká pààrọ̀. Mojọlá sunkún, ó ní irọ́ ni. Ta ní fẹ́ gbọ́? Ọmọ olóko ti sọ̀rọ̀. Bàbá Àjàgbé fúnra wọn ló nà án. Kó tó di Kérésì, bàbá mi ti gba oko lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti kẹ́rù lọ sí Ofosu. Ọdún méjì gbáko, kò lọ síléèwé.
A tún pàdé ní yunifásítì, a di ọ̀rẹ́ padà. A ò sọ̀rọ̀ kòkó rí. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mojọlá pè. "Ṣé o ti dé orí kẹsàn-án?" Mo ní mo ti dé e. Ó ní, "Ó dáa." Ó pa fóònù.
Kí ló fẹ́ fi mí ṣe lójú gbogbo Aládé?

Ọjọ́rú, 12
Mo sọ ọ́ fún Mátírọ̀n. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́, orúkọ bàbá mi tó ti kú wà lára ògiri gbọ̀ngàn yẹn. "Sọ ibi tí ìwé ti dára, sọ àléébù méjì, kí o jókòó. A kì í fọwọ́ ara ẹni ṣe ara ẹni."

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo kọ àléébù kẹta sílẹ̀. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Gbọ̀ngàn kún. Bàbá Àjàgbé jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, wọ́n ti darúgbó. Mo yin ìwé náà, èrò rẹ́rìn-ín iwin aláàtẹ̀gùn. Mo sọ ti ọba, mo sọ ti ìfẹ́. Ó yẹ kí n jókòó.
Mo ní àléébù tó tóbi jù ni pé Aláìlójú ń parọ́, òǹkàwé ò sì mọ ìdí. Mo ní kì í ṣe iwin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ẹ̀rù pàṣán ló bà á, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, èmi ni. Mo wá ròyìn gbogbo ọ̀rọ̀ kòkó náà.
Mátírọ̀n gbé báàgì wọn, wọ́n jáde.
Bàbá Àjàgbé dìde. Mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀, mo fà sẹ́yìn. Ọmọ wọn ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ṣí fìlà. "Mojọlá, o sọ fún mi. O sọ ọ́ títí a fi dé Ofosu. Òótọ́ lo sọ tí mo fi nà ọ́." Orúnkún wọn ń lọ sílẹ̀. Mojọlá dì wọ́n mú, ó ń ké, "Bàbá mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Èèwọ̀ ni!"
Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé sí orí kẹsàn-án, ó nà án sí mi. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. "Bàbá mi ò mọ̀wé. Kà á fún wọn."
Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí ìdúró. Bàbá Àjàgbé kò dé fìlà wọn títí mo fi parí.